Ta Ló Mọ Ẹni Tí Yóò San Án? Iṣẹ́ Onímọ̀ Báǹkì àti Okòwò ní Òkè-Ògùn

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ gbangba tó wáyé ní Ìsẹ́yìn

  

Ọmọ Òkè-Ògùn ni mí. Ẹ̀kọ́ nípa owó, báǹkì àti okòwò ni mo yàn láàyò, òun ni mo sì fi ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Bí wọ́n bá pe irú wa síbi báyìí, àwọn ènìyàn máa ń retí kí a sọ ibi tí owó wà. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá yàtọ̀ díẹ̀. Mo fẹ́ sọ pé owó kì í ṣe ohun tó wọ́n okòwò Òkè-Ògùn jù. Ohun tó wọ́n ọn ni kí àwọn tó ń ṣọ́ owó mọ àwọn tó lè fi owó ṣe nǹkan. Bí ọ̀rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ wà lọ́rùn àwa onímọ̀, a kò sì tíì ṣe é dé ibi tó yẹ.

ÌBÉÈRÈ TÓ WÀ NÍDÌÍ OWÓ YÍYÁ

Yálà báǹkì ńlá ní Marina l'Ékòó ni o, tàbí ìyá kan tó ń ta èlùbọ́ lọ́jà Ṣakí, ẹni tó bá fẹ́ yáni lówó ní ìbéèrè kan tó ń bi ara rẹ̀: ṣé ẹni yìí yóò san án? Ẹni tó wá tọrọ owó mọ ìdáhùn ju ẹni tó ń tọrọ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ. Òun ló mọ̀ bóyá oko tó ń ròyìn ti gbó. Òun ló mọ̀ bóyá gbèsè mìíràn ti wà nílẹ̀. Inú àìdọ́gba ìmọ̀ yìí ni gbogbo wàhálà báǹkì ti ń jáde.

Lọ́dún 1981, àwọn onímọ̀ méjì ní Amẹ́ríkà, Joseph Stiglitz àti Andrew Weiss, gbé ìwádìí kan jáde lórí ohun tó ti ń rú ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú. Èé ṣe tí báǹkì kì í kàn fi kún èlé, kí ó sì yá ẹnikẹ́ni tó bá gbà láti san án? Wọ́n ní bí èlé bá ti ń ga, olóòótọ́ tó ń ṣírò èrè rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ padà sílé. Àwọn tí yóò dúró ni àwọn tó fẹ́ fi owó olówó ta tẹ́tẹ́, àti àwọn tí kò ní in lọ́kàn láti san rárá. Nítorí èyí, báǹkì tí kò mọ ènìyàn yóò kúkú ti àpótí rẹ̀ pa. Lára iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lórí àìdọ́gba ìmọ̀ ló jẹ́ kí Stiglitz wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2001.

Ẹ jẹ́ kí a mú un wálé. Báǹkì tí kò mọ ènìyàn máa ń béèrè ìdógò. Ìdógò tó fẹ́ràn jù ni ilé tàbí ilẹ̀ tó ní ìwé àṣẹ gómìnà, gẹ́gẹ́ bí òfin ilẹ̀ ọdún 1978 ṣe là á sílẹ̀. Ilẹ̀ ẹbí ló pọ̀ jù ní agbègbè wa. Àgbẹ̀ kan ní Tedé tàbí Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí lè máa ro ilẹ̀ tí bàbá àgbà rẹ̀ ro, kí gbogbo àdúgbò jẹ́rìí sí i, kí ó má sì sí bébà kankan lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní ilẹ̀, ó ní iṣu nínú ebè, ó ní orúkọ rere. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kankan nínú wọn tí báǹkì lè kà.

ÀWỌN TÓ TI TỌ Ọ̀NÀ YÌÍ

Àwa kọ́ ni a kọ́kọ́ bi ìbéèrè yìí nílẹ̀ Yorùbá. Àlùfáà Samuel Johnson, tó parí ìwé ìtàn rẹ̀ lọ́dún 1897 kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ lọ́dún 1921, kọ nípa ìwọ̀fà, ẹni tó ń fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ san èlé títí ojú owó yóò fi pé. Ó tún kọ nípa bí olówó ṣe máa ń dógò ti ajigbèsè, tí ẹni tí wọ́n rán yóò jókòó sílé onílé, tí kò ní jẹ́ kí wọ́n gbádùn títí wọn yóò fi san. Ètò líle ni. A kò gbàdúrà kí ó padà wá. Ohun tí onímọ̀ yóò rí mú níbẹ̀ ni pé àwọn baba wa ti mọ̀ tipẹ́ pé owó yíyá kò lè dúró láìsí ètò tí wọn yóò fi gbà á padà.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni William Bascom, ará Amẹ́ríkà tó ti ń ṣe ìwádìí ní Ilé-Ifẹ̀ láti ọdún 1937. Ó tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde lọ́dún 1952 lórí èésú, ó sì pè é ní orúkọ tó tọ́ sí i: ètò ìyánilówó ti àwọn Yorùbá fúnra wọn. Ó ṣàlàyé bí kálukú ṣe ń dá iye kan náà, tí ẹnì kan ń kó o lẹ́ẹ̀kan náà títí yóò fi kárí. Ó tún rí i pé bí èésú bá tóbi, wọn a pín in sí ẹ̀ka, olórí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan a sì máa dáhùn fún àwọn tirẹ̀. Ẹ kíyè sí ọgbọ́n yẹn. Olórí èésú kò nílò kí ó mọ gbogbo ènìyàn. Ó ní láti mọ àwọn tó mọ ènìyàn. Àṣà yìí bá àwọn ènìyàn wa rékọjá òkun. Ní Trinidad, susu ni wọ́n ń pè é títí di òní.

Nínú àwọn tiwa, ẹ jẹ́ kí n dárúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n Samuel Adépọ̀jù Àlùkò, ọmọ Òde-Èkìtì tí wọ́n bí lọ́dún 1929, tó kàwé ní London School of Economics kí ó tó wá kọ́ni ní Nsukka àti Ifẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ ọ́n sí ẹni tó ń bá ìjọba jiyàn lórí ọ̀rọ̀ ajé. Iṣẹ́ rẹ̀ tí mo fẹ́ràn jù kò lókìkí tó bẹ́ẹ̀. Ní Ifẹ̀, òun pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì, Ògúntóyè àti Àfọ̀njá, kó ìwádìí jọ lórí àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké ní Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn ìgbà náà, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún 1972. Télọ̀, káfíńtà, alágbẹ̀dẹ, mẹkáníìkì àti oníbúrẹ́dì wọ inú ìwé onímọ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó lè jókòó ti ọ̀rọ̀ ìjọba àpapọ̀ nìkan gbà pé ṣọ́ọ̀bù tí ọ̀gá kan wà pẹ̀lú ọmọ iṣẹ́ mẹ́ta tó ohun tí a ń ṣe ìwádìí lé lórí. Ó kú lọ́dún 2012. Ẹ̀kọ́ tó fi sílẹ̀ fún wa kò kú.

Ẹnì kan tún wà, Christopher Udry, onímọ̀ ọrọ̀ ajé tó lọ gbé àwọn abúlé kan lágbègbè Zaria ní ìparí àwọn ọdún 1980. Ó rí i pé àwọn ará abúlé ń yá ara wọn lówó gan-an, láìsí ìdógò àti láìsí ìwé. Bí oko ẹni tó yá owó bá bàjẹ́, ohun tí yóò dá padà a dín kù. Bí ó bá sì jẹ́ oko ẹni tó yáni lówó ló bàjẹ́, èyí tí yóò gbà padà a pọ̀ sí i. Owó yíyá di ààbò fún tọ̀tún-tòsì, nítorí pé kálukú ń rí oko ẹnì kejì. Báǹkì tó wà níbi tí kò ti lè rí oko kankan kò lè ṣe irú àdéhùn bẹ́ẹ̀.

OHUN TÍ ÒKÈ-ÒGÙN TI MỌ̀

Nínú ìlú Ìsẹ́yìn tí a wà yìí, bí ọ̀dọ́ bá kọ́ iṣẹ́ òfì, tó sì gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀, òfì kọ́ ni ìṣòro rẹ̀. Igi ni, wọn a kàn án. Òwú ni ìṣòro. Kí ó tó hun aṣọ ìyàwó kan tán, owó ti há sínú òwú, oúnjẹ ojoojúmọ́ kò sì ní dúró de ọjọ́ tí aṣọ yóò tà. Ẹni tó ń gba irú ọ̀dọ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ni olówùú tó ń tajà láwìn.

Ẹ wo ohun tí olówùú ń gbé yẹ̀ wò kí ó tó tajà láwìn. Ó fẹ́ mọ ọ̀gá tó kọ́ ọmọ náà. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá iṣẹ́ tó ṣe kẹ́yìn parí lásìkò. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá oníbàárà ló gbé iṣẹ́ wá, tó sì ti san àsansílẹ̀, àbí ńṣe ni ọmọ náà fẹ́ hun ún lọ sí ọjà Ọjẹ́ ní Ìbàdàn láti wá ẹni tí yóò rà á. Èyí tó ní àsansílẹ̀ kò léwu. Èyí tó ń lọ sọ́jà léwu díẹ̀, nítorí náà òwú tí yóò fún un a kéré. Gbogbo ohun tí àwọn olùkọ́ wa ń fi ìwé ńlá kọ́ wa nípa bí a ṣe ń wọn ewu owó yíyá, olówùú ti ṣe é tán kí tíì rẹ̀ tó tutù. Ẹni tó bá sì já a kulẹ̀ mọ ohun tó kàn. Àwọn àgbà ti wí pé ẹni tó yá ẹgbàafà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà egbèje.

Ẹ̀rí kejì wà ní ọ̀nà Ghana. Kí ọdún 1969 tó dé, àwọn ọmọ Ìgbòho, Ṣakí, Ìgbẹ́tì àti Kíṣí, pẹ̀lú àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà àti Ìlọrin, ti di oníṣòwò pàtàkì ní àríwá Ghana. Jeremy Eades, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ ìwé kan lórí wọn, èyí tó jáde lọ́dún 1993. Bí wọ́n ṣe ń kó owó jọ kò díjú. Ọmọdé a bá ẹ̀gbọ́n tàbí ìbátan lọ, a máa bá a kiri ọjà, a máa sìn ín. Lẹ́yìn ọdún bíi mélòó kan, ẹ̀gbọ́n a fún un ní ọjà tàbí owó tí yóò fi dá dúró. Àwọn obìnrin náà ń dá òwò tiwọn ṣe, owó wọn yàtọ̀ sí ti ọkọ wọn. Kò sí báǹkì nínú ètò yìí. Ọdún tí ọmọ fi sìn ni ìdógò, ìwà rẹ̀ sì ni ìwé ẹ̀rí.

Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú fi Ghana sílẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn ènìyàn wa ta ohun tí wọ́n lè tà ní ọ̀pọ̀kúyọ̀kú, wọ́n sì padà wálé. Ọjà tí wọ́n tà láwìn di ti ẹni tó jẹ wọ́n ní gbèsè. Mo fẹ́ kí a ronú lórí èyí dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni kókó ọ̀rọ̀ mi wà. Ìmọ̀ tí kò kúrò nínú orí àti ní àdúgbò kan lágbára púpọ̀, àmọ́ kò lè bá ọlọ́jà rìnrìn àjò. Ẹni tí gbogbo Tamale ní àríwá Ghana mọ̀ sí olóòótọ́ dé sí Ṣakí, kò sì sí báǹkì kan tó mọ̀ pé ó ti ń san gbèsè láìyẹ̀ láti ogún ọdún. Òkìkí rere rẹ̀ dúró sí ẹ̀yìn odi.

Ẹ̀rí kẹta ni tábà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ilé-iṣẹ́ Nigerian Tobacco Company, àti British American Tobacco tó tẹ̀lé e, ń bá àwọn àgbẹ̀ Òkè-Ògùn ṣe àdéhùn. Ilé-iṣẹ́ a fún àgbẹ̀ ní irúgbìn àti ajílẹ̀ láwìn, òṣìṣẹ́ wọn a máa yọjú sí oko, wọn a sì yọ gbèsè kúrò nígbà tí wọ́n bá ra ewé. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé mò ń yin tábà. Ó ń pa àwọn tó ń fà á. Ṣùgbọ́n ètò ìyánilówó tó wà nídìí rẹ̀ kọ́ wa ní nǹkan: ẹni tó yáni ní ajílẹ̀ ló ń bẹ oko wò, òun náà ló sì ń ra ọjà. Nígbà tí Báǹkì Àpapọ̀ gbé ètò Anchor Borrowers jáde ní ìparí ọdún 2015 láti yá àwọn àgbẹ̀ lówó, irú ìlànà yìí ni wọ́n fẹ́ lò fún ìrẹsì, àgbàdo àti àwọn ohun ọ̀gbìn mìíràn. Níbi tí kò ti sí ẹni tó ń bẹ oko wò, tí àwọn ènìyàn sì rò pé owó ìjọba ni, ọ̀pọ̀ owó náà kò padà.

BÁǸKÌ Ń TÓBI, Ó Ń JÌNNÀ

Nígbà tí Dókítà Akínọlá Májà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá National Bank sílẹ̀ lọ́dún 1933, ìdí rẹ̀ ni pé báǹkì àwọn òyìnbó kò mọ oníṣòwò ọmọ ilẹ̀ yìí, wọn kò sì fẹ́ mọ̀ ọ́n. Láti ìgbà náà, ọ̀pọ̀ ètò tí ìjọba ti gbé jáde ló ń gbìyànjú láti dí àlàfo yẹn.

Lọ́dún 1977, Báǹkì Àpapọ̀ pín ẹ̀ka ìgbèríko fún àwọn báǹkì. Igba ẹ̀ka ni wọ́n ní kí wọ́n kọ́kọ́ ṣí. Ẹ̀ka dé, ṣùgbọ́n owó tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn ará oko ń lọ di ẹ̀yáwó fún àwọn ará ìlú ńlá, títí ìjọba fi ní láti pàṣẹ kí wọ́n máa yá àwọn ará ìgbèríko nínú rẹ̀. Lọ́dún 1990 ni báǹkì àdúgbò bẹ̀rẹ̀, èyí tí ará ìlú fúnra wọn ń dá owó sí. Ìlànà ọdún 2005 sọ wọ́n di báǹkì ẹ̀yáwó kéékèèké tí a ń pè ní microfinance, pẹ̀lú ogún mílíọ̀nù náírà ó kéré tán fún èyí tó kéré jù. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2010, Báǹkì Àpapọ̀ gba ìwé àṣẹ 224 nínú wọn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ṣubú ti lo owó àwọn aláàjọ fún ilé ńlá, ọkọ̀ àti àwọn tó sún mọ́ àwọn aláṣẹ báǹkì.

Ètò kan wà tó yẹ kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ báǹkì mọ̀. Lọ́dún 2001, àwọn báǹkì gbà láti máa ya ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún èrè wọn sọ́tọ̀ láti fi dókòòwò nínú àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké àti alábọ́ọ́dé. Owó náà jọ. Ọdún ń gorí ọdún, púpọ̀ nínú rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀, wọn kò rí ẹni fi í fún. Owó wà, olówò wà, wọn kò pàdé. Mi ò mọ ẹ̀rí tó tún lágbára ju èyí lọ fún ohun tí mo wá sọ lónìí.

Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Charles Soludo ń darí Báǹkì Àpapọ̀, gbèdéke owó ìdásílẹ̀ báǹkì lọ láti bílíọ̀nù méjì sí bílíọ̀nù márùndínlọ́gbọ̀n náírà. Báǹkì 89 di 25 nígbà tí ọdún 2005 parí. Lọ́dún 2024, wọ́n tún gbé gbèdéke náà sókè: bílíọ̀nù 500 fún báǹkì tó ní ẹ̀ka nílẹ̀ òkèèrè, 200 fún ti orílẹ̀-èdè, 50 fún ti agbègbè. Èyí dára fún ààbò owó tí a fi pamọ́, mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn. Àmọ́ títóbi báǹkì kò fi ohun kan kún ohun tó mọ̀ nípa ahunṣọ ní Ìsẹ́yìn. Ibi tí wọ́n ti ń fọwọ́ sí ẹ̀yáwó tún ń jìnnà sí i ni.

Àwọn tó sáré wọ inú àlàfo náà ni àwọn ayánilówó orí fóònù. Wọn kò mọ ènìyàn, wọn kò béèrè ìdógò, èlé wọn ga. Bí ọjọ́ bá pé, àwọn kan nínú wọn a máa fi ọ̀rọ̀ àbùkù ránṣẹ́ sí ẹbí, ọ̀rẹ́ àti ọ̀gá ẹni tó jẹ wọ́n. Ìdógòtì ayé àtijọ́ ló padà wá yìí, ó kàn wọ aṣọ tuntun ni. Láti ọdún 2022 ni àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà ti ń fi òfin mú wọn. Ó yẹ kí ó má dẹwọ́.

IṢẸ́ TÓ WÀ LỌ́RÙN ONÍMỌ̀

Mo fẹ́ bá àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ mi sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Àpilẹ̀kọ tó bá tẹ̀ jáde ló ń gbé olùkọ́ fásitì gòkè láti ipò dé ipò títí yóò fi di ọ̀jọ̀gbọ́n. Ọ̀nà tó yá jù sí àpilẹ̀kọ ni kí a kó nọ́ńbà inú ìwé ọdọọdún Báǹkì Àpapọ̀, kí a gbé e sínú kọ̀ǹpútà, kí a sì kọ nípa ipa tí ẹ̀yáwó báǹkì ń kó lórí ọrọ̀ ajé Nàìjíríà. Irú àpilẹ̀kọ bẹ́ẹ̀ kún ilé ìkàwé wa. Wọ́n ní àyè tiwọn. Ṣùgbọ́n bí ọ̀gá báǹkì kan bá kà á láti orí dé ìdí, kò ní mọ̀ bóyá kí ó yá ẹgbẹ́ àwọn tó ń lọ gàrí ní Òtu lówó tàbí kí ó má yá wọn.

Iṣẹ́ mẹ́ta ni mo rò pé ó yẹ kí a dìde sí. Èkíní ni kí a kọ àwìn sílẹ̀. Kí ilé-ẹ̀kọ́ gíga Òkè-Ògùn Polytechnic ní Ṣakí àti ẹ̀ka fásitì LAUTECH tó wà ní Ìsẹ́yìn níbí bá àwọn olówùú, àwọn oníṣòwò ọkà àti àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ṣe àdéhùn, kí a máa tọpa ìyáwó àti ìsanwó fún ọdún pípẹ́, pẹ̀lú ìyọ̀ǹda wọn, kí a sì pa àṣírí wọn mọ́. Ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́wàá la ní ní Òkè-Ògùn. Bí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣe iṣẹ́ àṣekágbá bá padà sí ìlú rẹ̀ láti ṣe é, kò ní pẹ́ tí a ó fi ní ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì ní.

Èkejì ni kí a lo òfin tó ti wà nílẹ̀. Láti ọdún 2017, òfin Nàìjíríà ti gbà kí ohun tó ṣeé gbé kiri di ìdógò, Báǹkì Àpapọ̀ sì ní ìwé ìforúkọsílẹ̀ fún un. Alùpùpù, ẹ̀rọ ìlọta, àpò ọkà nínú ilé ìkẹ́rùsí, àti owó tí oníbàárà jẹ ahunṣọ, gbogbo rẹ̀ wà nínú òfin náà. Mélòó nínú àwọn tó wà nínú gbọ̀ngàn yìí ló ti gbọ́ ọ rí? Àwa tó mọ̀ ọ́n ni kò wá sọ ọ́ ní èdè tí wọ́n gbọ́.

Ẹ̀kẹta ni kí ìgbìmọ̀ tó ń gbé olùkọ́ ga ní fásitì fún iṣẹ́ pápá ní ìwọ̀n tó tọ́ sí i. Ẹni tó lo ọdún márùn-ún pẹ̀lú àwọn àgbẹ̀ Àgó-Àrẹ kò gbọdọ̀ gbẹ́yìn ẹni tó jókòó sí ọ́fíìsì.

Ẹ̀yin ọ̀gá báǹkì, mò ń bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí máníjà ẹ̀ka yín pẹ́ ní ìlú kan kí ó lè mọ ènìyàn, kí ẹ sì fún un ní àṣẹ láti yá ẹni tó mọ̀ lówó níwọ̀nba. Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ ra ìwé, ẹ máa kọ ohun tó wọlé àti ohun tó jáde, ẹ jẹ́ kí owó òwò yàtọ̀ sí owó ọbẹ̀, kí owó yín sì máa gba ojú àpamọ́ tó ní orúkọ yín kọjá. Ẹ̀yin olórí alájẹṣẹ́kù, ẹ jẹ́ kí ẹni tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ máa yẹ ìwé yín wò lọ́dọọdún. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ má rò pé ibi tí ìmọ̀ owó wà kò ju Èkó àti Lọ́ńdọ̀nù lọ. Ó wà lọ́jà ìlú yín, ó ń retí ẹni tí yóò kọ ọ́.

Àwọn ènìyàn Òkè-Ògùn ń yá ara wọn lówó, wọ́n sì ń san. Ojúṣe wa ni kí a fi ẹ̀rí tó ṣeé kà gbé òtítọ́ yìí síwájú báǹkì. Ọ̀jọ̀gbọ́n owó tó bá kọ iṣẹ́ yìí sílẹ̀ kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.